Òrùka Iwájú

Mo kúnlẹ̀, mo fi ṣọ́ọ̀kì ya ọkọ̀ náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìkẹ́rùsí, bó ṣe gùn àti bó ṣe fẹ̀ kó tó fọ́. Ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án ni láti imú dé ìdí. Bí wọ́n bá ti ń gbé àfọ́kù dé láti òkun, inú ìlà yẹn ni màá tò ó sí, ní ibi tó wà nígbà tí ọkọ̀ ṣì jẹ́ ọkọ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi nìyẹn: kí n tò ó títí yóò fi sọ ibi tí ikú gbà wọlé.

Ọkọ̀ tó ń rìn nísàlẹ̀ òkun ni. Èèyàn mẹ́rin ló kú sínú rẹ̀, awakọ̀ kan àti àlejò mẹ́ta. Ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, gbogbo ibi tó tó èékánná àtàǹpàkò lára ọkọ̀, ẹrù tó wúwo tó màlúù ló wà lórí rẹ̀. Tí nǹkan bá yẹ̀ níbẹ̀, kì í bú síta bíi táyà. Inú ló ń wó sí, bí agolo tí èèyàn fi gìgísẹ̀ tẹ̀. Kí ojú tó ṣẹ́, ó ti parí.

Nígbà tí ọ̀gá tó ń wádìí ọ̀rọ̀ náà pè mí, mo sọ fún un lójú ẹsẹ̀ pé bàbá mi wà lára àwọn tó kan ọkọ̀ náà.

"Mo mọ̀," ó ní. "Ta ló tún mọ bí wọ́n ṣe lẹ̀ ẹ́ pọ̀? Ṣùgbọ́n akọ̀wé mi á máa wà pẹ̀lú rẹ. Ohun tó o bá rí, òun náà á rí i."

Ara ọkọ̀ náà kì í ṣe irin. Òwú dúdú tí wọ́n ń pè ní káàbọ̀n ni, tí wọ́n rẹ sínú gọ́ọ̀mù, tí wọ́n wé, tí wọ́n sì yan títí ó fi di àgbá líle. Ní ẹnu àgbá yìí, níwájú àti lẹ́yìn, wọ́n á lẹ òrùka irin ńlá kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn, kí ìdérí lè rí ibi jókòó lé. Bàámi ló ń lẹ òrùka. Ní yáàdì tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀, Ọwọ́-Kì-í-Tàsé ni wọ́n ń pè é.

Òun ló kọ́ mi níṣẹ́, lórí tábìlì ìjẹun wa, pẹ̀lú pákó méjì. "Tí ohun tí a lẹ̀ bá já, wo ojú rẹ̀," ó máa ń wí. "Tí gọ́ọ̀mù bá wà lójú méjèèjì, gọ́ọ̀mù ò jẹ̀bi, agbára ló jù ú lọ. Tí ojú kan bá mọ́ tónítóní, ẹni tó lẹ̀ ẹ́ ni kí o bi." Yóò fi sípíríìtì nu irin lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà yóò bọ́ ìbọ̀wọ́, yóò fi àtẹ́lẹwọ́ wá eruku tí ojú ò lè rí. "Ojú ń purọ́, ọwọ́ kì í purọ́." Èmi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Láti ìgbà tí ọkọ̀ náà ti fọ́, ojú fèrèsé ni Bàámi ń jókòó sí. Ní ìrọ̀lẹ́, oúnjẹ rẹ̀ á ti tutù níwájú rẹ̀.

"Òrùka ńkọ́?"

"Wọn ò tíì rí i, Bàámi."

"Wọ́n á rí i. Gọ́ọ̀mù á wà lójú méjèèjì."

Ẹ̀rọ alápá méjì ló ń ṣa àfọ́kù nísàlẹ̀ òkun. Ẹni tó ń darí rẹ̀ jókòó lórí ọkọ̀ ojú omi, ó ń wo tẹlifíṣọ̀n, okùn gígùn ló so wọ́n pọ̀. Bí ẹrù bá ti dé, a ó rì í sínú omi tí kò níyọ̀, kí iyọ̀ má baà jẹ ẹ́.

"Ìyá Àfọ́kù, ẹ wá gbọjà o!" oníkéréènì á pariwo sí mi látòkè. "Tuntun ni, omi ṣì wà lára ẹ̀!"

"Sọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́, elénu bí agogo," akọ̀wé á dá a lóhùn. "Ṣé o ò rí ìyàwó awakọ̀ lẹ́nu géètì ni?"

Ẹ̀rín á sì gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni obìnrin náà ń gbé àga wá, tó ń jókòó síbẹ̀.

"Ẹ ti rí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀?" ó máa ń bi mí.

"A ò tíì rí i, mà."

"Wọ́n ní ọkọ mi ló wà á jìn jù. Wọ́n ń sọ ọ́ létí àwọn ọmọ rẹ̀."

Ní ọjọ́ kọkàndínlógún, òrùka iwájú dé, ó kán sí méjì. Akọ̀wé ti lọ po tíì. Mo yí apá àkọ́kọ́ padà: gọ́ọ̀mù dúdú ló kún ojú rẹ̀, òwú tó ya ṣì lẹ̀ mọ́ ọn. Ó kù díẹ̀ kí n pariwo orúkọ Bàámi. Mo yí ìkejì.

Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, irin ń dán. Kò sí gọ́ọ̀mù níbẹ̀ rárá. Ibi tó mọ́ náà fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, ìlà márùn-ún sì jáde lára rẹ̀. Mẹ́rin gùn. Ìkarùn-ún kúrú, nítorí ayùn ti gé orí ìka kékeré Bàámi kí wọ́n tó bí mi.

Òógùn ni. Ọ̀rá ọwọ́, tí kì í jẹ́ kí gọ́ọ̀mù mú irin. Eruku ni Bàámi ń wá, kò sì sí ìgbà kan tó wá sí i lọ́kàn, tàbí sí mi, pé ọwọ́ fúnra rẹ̀ ni ìdọ̀tí.

Búrọ́ọ̀ṣì onírin wà lórí bẹ́ǹṣì. Tí mo bá fi ha gbogbo ojú irin náà, àwòrán yẹn á pòórá, wọ́n á sì rò pé nǹkan kan ló ha á nínú òkun. Mo mú un. Mo gbé e lé irin. Mo wá gbọ́ àga tó ń dún lẹ́nu géètì, obìnrin náà ń sún un tẹ̀ lé ibòji. Ẹnì kan ni yóò ru ẹrù yìí, bàbá mi tàbí òkú tí kò lè fọhùn.

Mo ju búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. "Bàbá Akọ̀wé, ẹ máa bọ̀. Ẹ pe ọ̀gá dání."

Nígbà tí mo délé, Bàámi wò mí lójú.

"Ó wà lójú méjèèjì?"

"Ó wà, Bàámi. Àfi ibì kan."

"Báwo ni ibẹ̀ ṣe rí?"

Mo mú ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, mo da àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ délẹ̀ lórí tábìlì, mo sì yọ ọwọ́ tèmi kúrò. Ó wo ọwọ́ náà títí.

"Mo nù ún," ó ní. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo nù ún."

"Mo mọ̀, Bàámi."

"Lẹ́yìn náà ni mo wá..."

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, iṣẹ́ parí. Ọkọ̀ náà sùn sínú ìlà ṣọ́ọ̀kì, ọ̀ọ́dúnrún àfọ́kù ó lé méjìlá, gbogbo wọn ní àyè wọn. Ìwé ìwádìí ọ̀gá jáde, ó sì yọ ẹ̀bi kúrò lọ́rùn awakọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ká àga rẹ̀, ó gbé e lọ. Kò kí mi, n kò sì retí rẹ̀. Ní gbogbo yáàdì, wọ́n ti lẹ àwòrán ọwọ́ kan mọ́ ògiri, ìlà pupa dá a kọjá: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ lásán kan irin tí a fẹ́ lẹ̀.

Ní ti Bàámi, bó bá ti jí, ìbọ̀wọ́ ló kọ́kọ́ ń wọ̀, kó tó kan ilẹ̀kùn, kó tó kan ife. Ó ń fi í jẹun. Ọwọ́ rẹ̀ kò tíì kàn mí láti ọjọ́ yẹn.