Irin Òrùlé Bàbá Rájí

Ẹni tó bá fẹ́ fẹ́ ọmọ alágbẹ̀dẹ ní Ìwó, kó ti mọ̀ pé àna rẹ̀ yóò dán an wò. Tèmi ò ju pé kí n kan òrùlé ilé tuntun Bàbá Rájí, bàbá Ràhámọ̀tù, lọ, kí n sì kó àwọn ẹgbẹ́ mi wá bá mi ṣe é, gẹ́gẹ́ bí àṣà. Káfíńtà ni mí. Òrùlé ò lè bà mí lẹ́rù. Ẹnu mi ló ń bà mí lẹ́rù, nítorí n kì í lè pa ọ̀rọ̀ mọ́ra. Kí n tó jáde nílé, ìyá mi ti kìlọ̀: "Afọlábí, àna kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni o. Bí wọ́n bá ní adìẹ léyín, ìwọ ṣáà dọ̀bálẹ̀."

Lọ́dún tó ṣáájú, ìjì àkọ́rọ̀ ti ká páànù ilé kan lẹ́yìn ilé wọn, tigi tìṣó. Látìgbà náà ni Bàbá Rájí ti sọ pé ìṣó nìkan ò ní di ilé òun mú. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ rọ àwọn irin pẹlẹbẹ tí a ó fi de igi òrùlé mọ́ igi orí ògiri, ó sì lu ihò ìṣó sí wọn.

Mo gbé ọ̀kan wò. Ó nípọn, ó dára, ṣùgbọ́n àwọn ihò rẹ̀ ti lọ sétí jù. Mo kàn án mọ́ igi, mo fi òòlù fà á díẹ̀, etí rẹ̀ ya. Mo mú òmíràn, òun náà ya. Inú bí mi.

Mùrí, àkọ́bí Bàbá, fà mí sẹ́yìn ògiri.

"Jọ̀ọ́, kàn án bẹ́ẹ̀. Ojú Bàbá ò ríran dáadáa mọ́, wọn ò sì mọ̀ pé a mọ̀. Ọkọ́ tí wọ́n bá rọ, à ń gbé e pamọ́, a ó ra òmíràn ní Olúpọ̀nnà fún oníbàárà."

"Bí ìjì bá dé ńkọ́?"

"Ṣé o fẹ́ Ràhámọ̀tù àbí o ò fẹ́ ẹ?"

Mo fẹ́ ẹ. Kò sóhun tí mo fẹ́ tó o láyé. Ṣùgbọ́n abẹ́ òrùlé yẹn ni òun àtìyá rẹ̀ yóò máa sùn. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Gbogbo ilé yìí ló fẹ́ràn bàbá, ìfẹ́ náà ni wọ́n sì fi sọ ọ́ di ọmọdé.

Mo lọ sẹ́nu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ Bàbá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Bàbá, ẹ dákun, n kò lè kan irin yìí."

Àwọn ẹgbẹ́ mi dáwọ́ iṣẹ́ dúró lórí ògiri.

"Irin tèmi?"

"Ihò rẹ̀ lọ sétí jù, Bàbá. Yóò ya."

"Mo ti ń rọ irin kí wọ́n tó bí bàbá rẹ!"

Ràhámọ̀tù wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wolẹ̀. Mo rò pé ó ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo na irin náà sí Bàbá. Ó fi àtàǹpàkò wá ihò náà, ó sì fa àtàǹpàkò náà dé etí irin. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ní kí wọ́n kó ìyókù wá, ó fọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Mùrí, àwọn ọkọ́ tí mo rọ fáwọn ará Ilé-Ogbó, ṣé wọ́n gbé wọn lọ?"

Mùrí yíjú sápá kan.

"Àbẹ̀ní, ìwọ náà mọ̀?"

Àbẹ̀ní, ìyàwó Bàbá, bú sẹ́kún.

"Ó ti ń ṣe mí ní kàyéfì pé kò sóníbàárà tó ń bá mi jà mọ́," ni Bàbá wí. "Alágbẹ̀dẹ tí ẹnikẹ́ni ò bá jà, ṣebí ó ti kú nìyẹn."

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ó ní kí n dìde. Ó ní kí Mùrí fẹ́ iná, ó ti irin kan bọ̀ ọ́ títí ó fi pọ́n, ó sì gbé e lé orí òkúta. Ó wá na irin ìluhò sí mi.

"Dì í mú síbi tí ihò yẹ kó wà."

Mo gbé ẹnu rẹ̀ sí àárín irin. Bàbá fọwọ́ wá orí irin ìluhò, ó kan ìka mi lábẹ́ rẹ̀, ó sì gbé òòlù ńlá.

"Ẹ̀rù ò bà ọ́?"

"Ó bà mí, Bàbá."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ràhámọ̀tù, wá wo ọkọ rẹ."

Ó na òòlù sókè. N kò yọ ọwọ́ mi.