Ìṣẹ́jú Márùndínláàádọ́ta Sí Ìlọrin

Láti ọjọ́ tí Fàthíà ti bímọ sí Ìlọrin ni gbogbo Akowonjo l'Ékòó ti mọ bí Ìlọrin ṣe jìnnà tó. Alhaji Àmúsà, bàbá rẹ̀ tó ń ṣe àga tìmùtìmù, bàálù Mẹ́kà nìkan ló wọ̀ rí, ṣùgbọ́n oníbàárà tó bá wá wo àga, ìròyìn òfurufú ni yóò kọ́kọ́ gbọ́.

"Láti Ìkẹjà sí Ìlọrin, kò tó àádọ́talénígba kìlómítà lókè. Ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta péré! Kí tíì tó tutù, mo ti dé."

Sìdíkátù, ìyàwó rẹ̀, ti di ẹrù mọ́tò tirẹ̀ ní ọjọ́ tó ṣáájú ìsọmọlórúkọ. "Ẹ jẹ́ ká jọ lọ, jàre. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọ̀la ni o."

"Mọ́tò? Pẹ̀lú agbádá mi yìí? Bàálù aago méje ààbọ̀ ni tèmi. N ó ti jẹun tán kí ẹ tó jí."

Ohun kan ṣoṣo ló ń lé e. Fàthíà ti gbà pé bàbá òun fúnra rẹ̀ ni yóò pe orúkọ Àdíját sí ọmọ náà létí. Àdíját ni ìyá Alhaji tó ta èédú títí Alhaji fi rí iṣẹ́ kọ́. Ṣùgbọ́n àwọn àna lórúkọ tiwọn, wọ́n sì pọ̀. Ẹni tí kò bá sí níbẹ̀, wọn kò ní dúró dè é.

Ó kúrò nílé kí aago mẹ́fà tó lù. Nígbà tí aago méje ààbọ̀ lù ní pápákọ̀ òfurufú, wọ́n ní kí àwọn èrò ṣe sùúrù. Nígbà tó di mẹ́sàn-án, wọ́n ní bàálù ò tíì dé. Alhaji tó wọn òfurufú ní kìlómítà kò rántí wọn wákàtí orí àga irin tí wọ́n ń jókòó sí kí wọ́n tó fò. Nígbà tí aago mẹ́wàá lù, ó pe Sìdíkátù lẹ́ẹ̀mẹrin, kò gbé e. Ó fi etí agbádá nu ojú.

Aago mọ́kànlá ààbọ̀ ni wọ́n gbéra. Ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta náà ló gbà, kò parọ́.

Nígbà tó fi eré wọlé àna ní nǹkan bí aago kan, àga ni wọ́n ṣì ń tò. Ààfáà kò tíì dé.

"Ẹ ti sọ ọmọ náà lórúkọ ni?"

Sìdíkátù gbé omi fún un. "Ìdí ìkòkò ni mo wà, mi ò gbọ́ fóònù. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán ni wọ́n máa sọ ọ́. Ẹ̀yin nìkan ni mo sọ aago mẹ́wàá fún."

"Sìdí! O parọ́ fún mi?"

"Ìyá yín ló kọ́ mi, láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa. Wọ́n ní, 'Ọmọ mi yìí máa ń pẹ́, máa bu wákàtí mẹ́ta fún un.'"

Alhaji gba omi náà mu. Lẹ́yìn ìrun, ó gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó sì pe Àdíját sí i létí. Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣàdúrà fún kó tó kan ọmọ.

Àna kan béèrè pé, "Alhaji, bàálù lẹ bá wá, àbí? Ìṣẹ́jú mélòó ni?"

Ó la ẹnu. Ó wo Sìdíkátù.

"Wákàtí méje," ó ní. "Ìyàwó mi ló fún mi ní mẹ́ta nínú rẹ̀. Kí Ọlọ́run má gbà á lọ́wọ́ mi."

Mọ́tò ni wọ́n jọ wọ̀ padà. Agbádá rún, Alhaji kò ráhùn.