Èrò Ẹ̀yìn Kẹ̀kẹ́ Mi

Ẹ má rò pé mo fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ o. Nígbà tí Débọ́lá ọmọ mi fi kẹ̀kẹ́ oníná yẹn ránṣẹ́ láti Kánádà, mo bú u lórí fóònù. Mo ní, "Èmi Gbóyèga Fáṣínà, tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ṣé ọlọ́kadà lo fẹ́ sọ mí dà ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n ṣáà gùn ún wò. Kẹ̀kẹ́ náà kì í pariwo. Bí ẹsẹ̀ rẹ bá ti kan pẹ́dàlì, bátìrì á gbà á lọ́wọ́ rẹ, ìwọ á kàn jókòó. Ó ní ìjókòó tìmùtìmù lẹ́yìn. Ìjókòó yẹn ló fa gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Rosaline, ìyàwó mi, ti ń gbàgbé nǹkan. Kì í ṣe ìgbàgbé àgbà lásán. Ó lè gbé omi kaná, kó fi í sílẹ̀ níbẹ̀, kó jáde lọ máa wá ilé bàbá rẹ̀ tó wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó káàkiri Festac tí à ń gbé. Dókítà ní kò sí oògùn tó lè wò ó. Ẹ̀bùnlọlá, àkọ́bí wa tó ń gbé ní Abẹ́òkúta, ń pè mí ṣáá pé òun fẹ́ wá mú ìyá òun lọ sọ́dọ̀. Mo ní kò ní ṣẹlẹ̀. Inú ilé yìí la kó wọ̀ nígbà tí ọ̀dà ara ògiri rẹ̀ kò tíì gbẹ, inú rẹ̀ náà la ó jọ wà.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, afẹ́fẹ́ ni mo fẹ́ kó gbà. Bí a ṣe yọ sí Fifth Avenue báyìí, ló bá lanu, ó ní, "Ilé Ìyá Yíwọlá rèé. Wọ́n ti tún un kùn." Orí mi wú! Ẹni tí kò rántí ohun tó jẹ láàárọ̀! Láti ọjọ́ náà, bí iná bá ti dé, bátìrì ni mo ń kọ́kọ́ ṣáàjì. Kò sí ọ̀nà tí a ò gbà ní Amuwo: ẹ̀yìn odò ìdọ̀tí, abẹ́ igi máńgòrò, ojú ọ̀nà eléruku tí mọ́tò kì í yà sí. Bí kẹ̀kẹ́ bá ti ń lọ, orúkọ àwọn èèyàn á máa bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà mìíràn, á fọwọ́ gbá mi léjìká jẹ́jẹ́. Èmi náà á rọra. Mo rò pé ìfẹ́ ni.

Mo wá pe Ẹ̀bùnlọlá, mo ní kó wá fojú ara rẹ̀ rí i. Ó dé lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú mọ́tò rẹ̀. Ìyá rẹ̀ pè é ní nọ́ọ̀sì.

Ẹ̀bùnlọlá nu ojú, ó ní, "Dádì, ẹ gbé wọn jáde bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Bí ẹ bá dé, màá bi wọ́n pé ta ló gbé wọn jáde. Bí wọ́n bá ní ọkọ àwọn ni, mi ò ní sọ̀rọ̀ àtimú wọn lọ mọ́ láyé mi. Bí wọn ò bá mọ̀ yín, mo ń mú wọn lọ lónìí."

"Ṣé ìyẹn náà ni?" Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín.

A jáde kí oòrùn tó mú. Mo dé akoto mi, mo dé tirẹ̀ fún un. Mo mú un gba ojú ọ̀nà tó fẹ́ràn jù. A sọdá títì Badagry, a wọ Satellite Town, níbi tí àwọn tánkà epo tò lọ rẹrẹẹrẹ. Awakọ̀ kan tó ń fọ ẹnu kígbe pé, "Bàbá, ẹ rọra gbé ìyàwó o!" Mo juwọ́ sí i. Nígbà tí a kọjá ilé àti ṣọ́ọ̀bù Ijegun-Egba, ọ̀dà ojú títì tán, ó ku ọ̀nà oníyanrìn tó lọ sétí ọ̀sà. Igi àgbọn wà lọ́tùn-ún, koríko gíga wà lósì, táyà wa nìkan ló ń dún. Òjò ti ṣú. Omi ọ̀sà dúdú bí aró, òórùn epo sì ń bá afẹ́fẹ́ wá.

Rosaline ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi. "Ibí la ti ń ra edé." "Ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, mo kọrin níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i." Mo ń kó gbogbo rẹ̀ jọ sínú bí ẹni tó fẹ́ lọ rojọ́.

A sọ̀ kalẹ̀ létí omi. Mo ní, "Ṣé ó dùn?"

"Ó dùn gan-an. Ọlọ́run á bù kún iṣẹ́ yín. Nínú gbogbo ọlọ́kadà, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n gùn jù. Àwọn tó kù ń sáré àsápajúdé. Ẹ̀yin, bí mo bá ti gbá yín léjìká, ẹ ó rọra."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní akoto ló fà á. Ojú lọ̀rọ̀ wà, mo bá ṣí akoto náà, mo gbé ojú mi síwájú rẹ̀ gbangba. "Rose, wò mí dáadáa."

Ó wò mí. Ó fara balẹ̀ wò mí. "Ẹ ti dàgbà fún iṣẹ́ yìí o, Bàbá," ló wí. "Àbí ẹ ò bímọ ni?"

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Mi ò mọ ohun tó gbé ìbéèrè yìí sí mi lẹ́nu: "Ọkọ yín ńkọ́? Ṣé kì í gbé yín jáde ni?"

Ó pòṣé. "Gbóyèga? Fáìlì ọ́fíìsì ni ìyálé mi. Kò gbé mi lọ síbì kankan rí." Ó wo ọ̀nà tí a gbà wá. "Ṣùgbọ́n èèyàn gidi ni o. Á ti máa dúró dè mí. Ẹ jẹ́ ká máa lọ, kó má baà máa wá mi kiri."

Ó dùn mí wọnú egungun. Mo fẹ́ pariwo pé irọ́ ni, pé èmi ni mò ń gbé e kiri látọjọ́ yìí. Ta ni mo fẹ́ bá jà? Mo dé akoto mi padà, kó má rí omi ojú mi.

Òjò ká wa mọ́ Satellite Town, ibẹ̀ náà ni bátìrì ti kú. Ẹsẹ̀ àgbà ni mo fi wa kẹ̀kẹ́ délé, tí Rosaline ń kí mi kú iṣẹ́ lẹ́yìn. Ohun kan ṣoṣo ló ń yí lọ́kàn mi: bí ìyàwó mi bá lè gun ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ọkùnrin tí kò mọ̀ rí, tó sì tẹ̀ lé e dé etí ọ̀sà, ta ni kò lè dúró lẹ́nu géètì wa kó gbé e lọ?

Ẹ̀bùnlọlá ń dúró lábẹ́ òrùlé géètì. Ó fi aṣọ bo ìyá rẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ta ló gbé yín jáde?"

"Ọlọ́kadà ni. Ọkọ mi wà nínú ilé, ẹ ní kó wá sanwó fún un."

Ọmọ mi kò yọ̀ mí. Ẹkún ló bú sí. Mo lè sọ pé ó rẹ ìyá rẹ̀ ni, pé ká tún un ṣe lọ́la. Ó ti wà lórí ahọ́n mi. Mo ní, "Lọ kó ẹrù rẹ̀."

Nígbà tí mọ́tò fẹ́ gbéra, Rosaline yọ orí lójú fèrèsé, ó fọwọ́ pè mí. Mo sún mọ́ ọn, pẹ̀lú akoto mi lórí.

"Bàbá ọlọ́kadà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún ọkọ mi pé mo ti lọ. Kó má dúró dè mí mọ́."

Mo ní, "Mo máa sọ fún un, mà."