Àyè Tó Ṣófo Nínú Ìwé Ìrántí

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́. Mo lá a pé wọ́n ń fún tíṣà wa tó máa ń ṣe ìwé ìrántí fún àwọn tó ń jáde níléèwé ní àmì ẹ̀yẹ. Wọ́n ní kò fo àwòrán ọmọ kankan rí. Wọ́n ṣí ìwé ọdún tiwa, àyè tèmi ṣófo, torí oyún ti mú mi kúrò níléèwé kí wọ́n tó ya àwòrán.

Tíṣà ní, "Gbé Ire wá."

Mo ní, "Ọmọ mi nìyí, Mà, kì í ṣe àwòrán."

"Kí ló burú? Ó jọ ẹ́ ju bí o ṣe jọ ara rẹ lọ."

Ó tú ọmọ lẹ́yìn mi, ó fi gọ́ọ̀mù pa á lẹ́yìn, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ire ń rẹ́rìn-ín, ó ń di pẹlẹbẹ. Gbogbo gbọ̀ngàn ń pàtẹ́wọ́. Mo fẹ́ ṣí i kúrò, ẹ̀rù ń bà mí kó má ya. Mo ṣáà fà á.

Igbe Ire ló jí mi. Apá rẹ̀ ni mo dì mú.