Orúkọ Tí Wọn Kò Kà

Tẹlifíṣọ̀n inú ọ́fíìsì káúńtì, ìjọba ìbílẹ̀ wọn, ń wí tẹnu rẹ̀. Láti àná tí ìdìbò àárín sáà ààrẹ ti parí, kò sí ọ̀rọ̀ méjì lẹ́nu wọn ju gómìnà tó wọlé àti sẹ́nétọ̀ tó fìdí rẹmi. Ta ló bi wọ́n? Inú ti ń bí Ragnhild Amundrud bọ̀ láti ilé nítorí wọn kò tíì kéde èsì ìbò tirẹ̀, ohun tó sì gbé e wá kò kan gómìnà rárá. Ipò kọmíṣọ́nnà, ọ̀kan lára àwọn tó ń ṣàkóso káúńtì, lòun ń dù. Gaylen Stroh tó wà lórí ipò náà ti búra pé bí òun bá tún wọlé, kí yìnyín ọdún yìí tó yọ́, òun á ti ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tó wà nílùú pa. Ibẹ̀ ni ìyá Ragnhild ń gbé. Òmíràn tó sún mọ́ wọn jù, àfi kéèyàn wakọ̀ fún wákàtí méjì gbáko.

Ọjọ́ ti lọ kó tó jáde dupò, nítorí náà wọn kò tẹ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìbò. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ ní láti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ náà sí àlàfo ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ ni Verlyn, àbúrò rẹ̀, ti fi ọgbọ́n àgbọ́njù bà á jẹ́. Ó ní ta ló máa lè kọ Ragnhild? Pokey ni gbogbo ìlú ń pè é, títí kan àwọn ọmọ tó ń fi bọ́ọ̀sì gbé lọ síléèwé, torí ó máa ń fẹsẹ̀ falẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré. Ni Verlyn bá kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó, ó ń rì í mọ́ iwájú ilé onílé: KỌ POKEY. Ragnhild fúnra rẹ̀ rí i, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

Darlys Kvam, akọ̀wé káúńtì, bọ́ awò ojú rẹ̀ sórí tábìlì.

"Pokey, mi ò lè ka ìbò Pokey fún ẹ."

"Gbọ́ ohun tó ń tẹnu ẹ jáde, Darlys!"

"Mo gbọ́ ọ. Òfin ni. Orúkọ tó o fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi nìkan ni mo lè kà, Ragnhild lo sì kọ."

"Ṣebí ìwọ lo ní orúkọ tó wà nínú ìwé àṣẹ ìwakọ̀ mi ni kí n kọ! Láti kíláàsì kìíní lo ti ń pè mí ní Pokey. Pokey mélòó ló wà ní káúńtì yìí?"

"Ìwọ nìkan."

"Ta wá ni wọ́n dìbò fún? Ajá mi ni?"

Darlys mú bébà èsì ìbò. Ó tì í síwájú Ragnhild. Stroh ní igba ó lé díẹ̀. Pokey fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ọ̀ọ́dúnrún, wọ́n sì ti fi bírò pupa fagi lé gbogbo rẹ̀. Ragnhild ní mọ́kàndínlógún.

Orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni, wọ́n sì ti fi ìjánu Ragnhild fà á lulẹ̀. Ó fi ìkanra gbá ilẹ̀kùn débi pé gíláàsì rẹ̀ mì. Verlyn ń dúró dè é nínú ọkọ̀.

"Pokey, a ti gbà á, àbí?"

"Má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́!" Ó ro gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ṣé mo mọ̀ ni? Mo kàn fẹ́ kó rọrùn fáwọn èèyàn."

"Ó rọrùn fún Stroh! Ìwọ ńkọ́, kí lo kọ?"

Verlyn wolẹ̀. "Pokey. Orúkọ yẹn le, jàre. Èmi gan-an ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́."

"Ọmọ ìyá mi ni ẹ́, o ti lé láàádọ́ta ọdún, o ò mọ orúkọ mi kọ?"

Ó fi í sílẹ̀ síbẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sílé àwọn arúgbó. Bó ti ń lọ ló ń bú Stroh, ó ń bú òfin, ó ń bú ẹ̀rín tóun fúnra rẹ̀ rín nídìí pátákó. Ó bá ìyá rẹ̀, Solveig, níbi tí òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń mu kọfí.

"Ragnhild! Wá jókòó. Gbogbo wa níbí la kọ orúkọ rẹ o. Mo dúró tì wọ́n, mo ń pe lẹ́tà ẹ̀ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Harold fẹ́ fo h àárín, mo gbá a lọ́wọ́!"

Harold fi ọwọ́ náà hàn án, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ragnhild ń wò wọ́n. Yàtọ̀ sí òun fúnra rẹ̀, àwọn tó mọ orúkọ rẹ̀ kọ nìwọ̀nyí, àwọn gan-an náà ni wọ́n sì fẹ́ lé jáde.

"A ti wọlé, àbí?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Rárá, Màmá. Wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ dúró síbí mọ́."

Ìyá gbé ife kalẹ̀. "Ta ló fẹ̀yìn wa gbálẹ̀?"

Ragnhild fa àga, ó jókòó.

"Pokey ni, Màmá," ló wí. "Pokey ló fẹ̀yìn wa gbálẹ̀."