Ìkúnlẹ̀ Tí Màámi Ń Retí

Mo ti kúnlẹ̀. Ìyẹn ti parí. Dídìde ló kù – dídìde ló wá di ẹjọ́.

Mo ní kí n kàn dán an wò ni. Ẹ̀ẹ̀kan péré, kí ìyá ọkọ mi tó dé, kí n lè mọ ibi tí mo máa dì mú, kí n má baà ṣubú lójú wọn. Èmi Rìnsọ́lá, abiyamọ, ẹni ọdún méjìlélógójì, mò ń dán ìkúnlẹ̀ wò nínú pálọ̀ ara mi. Ẹsẹ̀ ọ̀tún gbọ́ràn, ó lọ sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ti òsì ò dúró gbọ́ nǹkan kan, ó wó lulẹ̀ bí àpò gààrí. Nísinsìnyí àwọn méjèèjì wà nílẹ̀, mò ń pè wọ́n, wọn ò dáhùn.

Olúsànmí ọkọ mi ti pè láti pápákọ̀ òfurufú JFK. "Màámi ti jáde o. A ti wà nínú mọ́tò." Ó ti tó wákàtí kan. Láti ibẹ̀ dé Highbridge níbí, ní Bronx, wákàtí kan náà ni bí ọ̀nà bá dán... ọ̀nà kì í dán. Sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ tí mo máa ń bú lójoojúmọ́, mo bẹ̀ ọ́ lónìí. Dá wọn dúró díẹ̀ sí i.

Rọra. Mí. Ìwọ lo fọwọ́ ara rẹ fà á, Rìnsọ́lá. Hítà tó ń ṣe ṣíì-ṣíì lábẹ́ fèrèsé yìí, láti ìsàlẹ̀ ni lańdílọ́ọ̀dù ti ń tàn án, kò síbi tí a ti lè dín in kù. Èmi a máa ṣí fèrèsé, yìnyín ì báà máa já lóde, kí ooru má baà mú mi lẹ́sẹ̀. Lónìí mo tì í. Màámi ń bọ̀ láti Ọ̀yọ́, òtútù ò gbọdọ̀ mú wọn – mo tì í pa, mo tún wá dúró ti ìkòkò ẹ̀fọ́ fún wákàtí méjì. Dókítà ti wí títí ẹnu ń ro ó: ooru ò bá ọ mu. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ Àdúrà Olúwa. Síbẹ̀ mo tì í.

MS ni orúkọ àìsàn mi. Lẹ́tà méjì péré, wọ́n wá ń darí odindi ènìyàn. Dókítà ní iṣan tó ń gbé ọ̀rọ̀ láti ọpọlọ lọ sẹ́sẹ̀ dà bíi wáyà iná. Àwọn ọmọ ogun inú ara mi tó yẹ kó máa lé àrùn, wọ́n yíjú padà, wọ́n ń họ rọ́bà ara wáyà náà. Ọ̀rọ̀ ń lọ, àmọ́ ó ń jò lọ́nà. Mo ti ní kí ẹsẹ̀ dìde láti ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn. Bóyá ọ̀rọ̀ náà ṣì wà ní ìbàdí, ó ń bèèrè ọ̀nà.

Kí ló dé tí mi ò kàn ní dúró kí wọn? Kí n di àga mú, kí n tẹrí ba... Ẹ̀n-ẹ́n. Ohun tí mo ṣe fún Ìyá Ìjọ lọ́jọ́ ìkórè nìyẹn. Adéfúnkẹ́, ọ̀kan nínú àwọn ará ìjọ wa, wà lẹ́yìn mi, ó ní: "Àwọn ìyàwó Amẹ́ríkà! Orúnkún wọn ti di irin." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí wọ́n pè mí ní agbéraga ju kí wọ́n pè mí ní aláìsàn lọ. Agbéraga, wọ́n á bú u, á sì tán. Aláìsàn, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́jẹ́ lójú ara rẹ̀, bí ẹni tí kò sí nílé.

Ṣùgbọ́n Màámi kì í ṣe Ìyá Ìjọ. Ọdún mẹ́jọ ni mo ti jẹ́ ìyàwó wọn, mi ò tíì kúnlẹ̀ kí wọn rí. Nígbà ìdána wa, ìwé ìgbélùú mi ò tíì jáde, mi ò lè kúrò ní Bronx. Fọ́tò mi ni wọ́n gbé sórí àga. Doyin àbúrò mi ló bá mi kúnlẹ̀. Ó kúnlẹ̀ dáadáa, mo rí i lórí fóònù, mo sunkún. Ohùn Màámi ṣì wà létí mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń tọ́ka sí fọ́tò mi. "Ti àbúrò, mo gbà á. Ti ìyàwó mi gan-an, mo ṣì ń retí rẹ̀ o."

Wọ́n ń retí rẹ̀. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn ni àìsàn dé. "Sànmí, má sọ fún wọn." "Mi ò ní sọ. Ṣùgbọ́n Rìnsọ́, títí dìgbà wo?" Títí dìgbà... mi ò mọ̀. Títí di òní, bóyá.

Ẹ̀rù ń bà mí. Jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́ síta, èmi nìkan ló wà ńbí. Kì í ṣe pé wọ́n á lé mi. Wọn kì í ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má wò mí tán, kí wọ́n wo ọmọ wọn, kí wọ́n sì ṣe "hẹ̀n-ẹ́n". Ó tán. "Hẹ̀n-ẹ́n" kan ṣoṣo báyìí, tí ẹnu àgbà fi ń pa ìwé dé. Bí mo bá gbọ́ ọ, ilé yìí á wó lé mi lórí.

Ó yá. Kí ni iṣẹ́ rẹ, ìyá yìí? Ṣé kì í ṣe ìwọ lò ń gbé àgbàlagbà dìde kiri? Mr. Francis, ará Jàmáíkà, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni mo ń lọ tọ́jú wọn. Bí wọ́n bá ṣubú, mi ò jẹ́ fà wọ́n sókè gbàgà. Àga lákọ̀ọ́kọ́. Ọwọ́ méjèèjì lórí àga. Ẹsẹ̀ tó lágbára síwájú. Sinmi. Lẹ́yìn náà ni kó o tó tì. Mo máa ń sọ fún wọn pé àga ò ní sá lọ, pé kò sí ìtìjú nínú ká di nǹkan mú. Lọ́jọ́ kan wọ́n wò mí títí, wọ́n ní mò ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí òun náà ti wà nílẹ̀ rí. Mo yáa lọ palẹ̀ abọ́ mọ́.

Àga tó sún mọ́ mi jù wà lẹ́bàá tábìlì. Mo rá kòrò. Ọwọ́ kan, orúnkún kan... Kápẹ́ẹ̀tì ń ta mí lọ́wọ́. Ó ń ta mí! Mo dúpẹ́. Ọdún méjì sẹ́yìn, ìka wọ̀nyí ò mọ aṣọ yàtọ̀ sí omi. Sànmí ló ń bá Tiwa ọmọ wa de bọ́tìnnì kó tó lọ síléèwé. Wọ́n ń fa oògùn sí mi lára lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, mo ń jókòó níbẹ̀ láti àárọ̀ dọ̀sán, mi ò retí nǹkan kan. Àfi láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mò ń ṣan ìrẹsì, mo bá mọ hóró rẹ̀ lọ́wọ́, lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo lọgun. Sànmí sáré wọlé, ó rò pé iná jó mi. "Ìrẹsì ni! Ìrẹsì ni!" Òun náà kì í gbàgbé. Bó bá fẹ́ mú mi rẹ́rìn-ín títí dòní, á kàn ní "ìrẹsì ni".

Mo ti dé ìdí àga. Ọwọ́ ti wà lórí ẹ̀. Sinmi.

Kí nìyẹn lẹ́nu ọ̀nà kíṣíìnì? Sílípáàsì. Sílípáàsì mi ni. Ti òsì. Nígbà wo ló bọ́? Mo ti ń fi bàtà ẹsẹ̀ kan rìn kiri ilé, mo ro ẹ̀fọ́, mo gbálẹ̀, ẹsẹ̀ ò sì sọ fún mi. Òsì yìí, oníjàǹbá ni ẹ́. Bó o bá ní okùn lẹ́yìn ni, o ò bá má...

Okùn lẹ́yìn.

Dúró.

Ohùn tí Màámi fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. "Ìyàwó mi, mo ti ní kí Ràṣídì oníbàtà rán sálúbàtà fún ọ. Mo ní kó fi okùn sí i lẹ́yìn, kó dì í gírígírí. Pàápàá ti òsì." Inú bí mi. Mo bá Sànmí jà. "Bàtà olókùn! Ṣé ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni wọ́n fi mí pè ni?"

Pàápàá ti òsì. Ta ló sọ òsì fún wọn? Sànmí ò sọ, mo mọ ọkọ mi, bó bá purọ́ etí rẹ̀ á pọ́n. Ta wá ni... Tiwa. Ọjọ́ ìbí Tiwa, ní ọdún tó kọjá. Òun ló di fóònù mú, ó ń tẹ̀ lé mi kiri. "Grandma, ẹ wo Mummy!" Mo gbé kéèkì, mo la pálọ̀ kọjá, sílípáàsì bọ́, mo sì ń lọ. Fóònù dákẹ́. Mo rò pé nẹ́tíwọ̀kì ti lọ. "Màámi, ṣé ẹ ń gbọ́ wa?" "Mò ń gbọ́. Mò ń wo ìyàwó mi ni." Ọdún márùndínlógójì ni wọ́n fi ṣe nọ́ọ̀sì, kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Kí lojú wọn ò rí lára aláìsàn rí? "Bàtà yẹn ńkọ́?" "Ó tóbi jù ni, mà." Ó tóbi jù, lẹ́nu mi. Wọ́n wá ní...

Wọ́n ní "hẹ̀n-ẹ́n".

Yé! Wọ́n ti sọ ọ́. Wọ́n ti sọ ọ́ láti ọdún kan sẹ́yìn, ilé ò wó. Láti ọjọ́ náà, "jókòó ná, ká tó sọ̀rọ̀" ni ìkíni wọn. "Ṣé o sinmi lónìí?" Lánàá òde yìí, kí wọ́n tó wọkọ̀ òfurufú: "Kí ìyàwó mi má sọ̀ kalẹ̀ wá pàdé mi o. Èmi ni n óò gun òkè wá bá a." Mo rò pé wọ́n ń dán mi wò ni, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá mo lẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ń dáàbò bò mí. Wọ́n sì jẹ́ kí n pa àṣírí mi mọ́, nítorí wọ́n rí i pé mo fẹ́ pa á mọ́.

Omi ń já lójú mi, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Olúwa, o ṣeun. O ṣeun fún ìyá tó wo ẹsẹ̀ mi láti Ọ̀yọ́, tí kò sọ̀rọ̀, tó gba ọ̀dọ̀ oníbàtà lọ.

Ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ ti dún. Àwọn ni. Ẹsẹ̀ àgbà, tẹ̀ẹ̀... tẹ̀ẹ̀... lórí àtẹ̀gùn. Wọ́n dúró ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì, wọ́n ń mí. Ibẹ̀ lèmi náà máa ń dúró, tí n óò mú fóònù jáde bí ẹni tó ń ka nǹkan.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún ti gbọ́. Bí mo bá tì í báyìí, bóyá mo lè dìde kí kọ́kọ́rọ́ Sànmí tó yí. Kí n fi gèlè nu ojú. Kí n wọ sílípáàsì.

Mi ò ní tì í.

Mo dá ẹsẹ̀ padà sílẹ̀. Mo kọjú sílẹ̀kùn. Wọ́n á wọlé, wọ́n á bá mi lórí ìkúnlẹ̀ tí wọ́n ti ń retí láti ọdún mẹ́jọ, n óò sì kí wọn bó ṣe yẹ kí ìyàwó kí ìyá ọkọ. Wọ́n á ní, "Dìde, ìyàwó mi." Kò sí àgbà tí kì í sọ bẹ́ẹ̀.

Èmi náà á wá nawọ́ sí wọn. Mo ti mọ ohun tí mo máa sọ.

"Ẹ fà mí dìde, mà."