Oorun Losa

Malaki wúkọ́. Sieni, tó ń tọ́jú àwọn tí ohùn wọn bá kẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan ní ìlú Apia, gbé ojú kúrò lára àwòrán ọ̀fun rẹ̀.

"Bàbá, ẹ tún un wú."

Ó tún un wú. Ikọ́ náà dún ketekete.

"Kò sí egbò, kò sí kókó. Ohùn tó ń wúkọ́ yìí náà ló yẹ kó máa sọ̀rọ̀."

"Ṣé irọ́ ni mò ń pa ni?" Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló fi sọ ọ́, bó ti ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ láti oṣù mẹ́jọ. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára aago. Lọ́sàn-án yìí ni àwọn àlejò ń bọ̀ láti erékùṣù Savaii fún ìyàsímímọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tuntun. Kí ẹnikẹ́ni tó kí wọn, àwọn agbẹnusọ abúlé á kọ́kọ́ dìde, wọ́n á du ọ̀rọ̀ ìkíni mọ́ra wọn lọ́wọ́ níṣojú gbogbo ènìyàn; ẹni tó bá borí ni yóò sọ ọ́. Ó ti tó ogún ọdún tí òun ti ń borí. Ṣùgbọ́n láti àná ni Peniamina àbúrò rẹ̀ ti ń fi epo pa ọ̀pá agbẹnusọ tirẹ̀.

"Irọ́ kọ́. Àṣà kan ló ti mọ́ ọ̀fun yín lára. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Nígbà àìsàn Losa, ìyàwó mi. Tó bá rí oorun díẹ̀ sùn, ta ni yóò jí i? Ó ti di oṣù mẹ́fà tí a sin ín."

Sieni ní kó pa ẹnu dé, kó máa kùn bí oyin, kó wá la ẹnu díẹ̀díẹ̀. Malaki kùn. Ìró kan yọ, ó gbọ̀n, ó já.

"Ó wà níbẹ̀. Ẹ má sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ mọ́, Bàbá. Ẹ rò pé ẹ ń tọ́jú ohùn, ẹ ń há a mọ́lé ni."

Nínú bọ́ọ̀sì, ó kùn títí. Ó yí ìjókòó padà lẹ́ẹ̀mẹta nítorí bí àwọn èèyàn ṣe ń wò ó.

"Bàbá, ṣé oyin ló wọ̀ yín lẹ́nu ni?" ni ìyá kan bi í.

Kò rẹ́rìn-ín. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ fífọ́ ló ń fọ́. Tòun ò tilẹ̀ bọ́. Ó kàn di àwátì ni.

Àwọn àlejò ti jókòó yí pápá ká nígbà tó dé. Peniamina ti dìde, ó fara ti ọ̀pá rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ sinmi jàre. Àwọn èèyàn yìí ò wọkọ̀ ojú omi wá wo ètè lásán."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Malaki dúró. Ojú rẹ̀ ṣàdédé lọ sí ilé rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ilé tí kò ní ògiri, níbi tí ẹní Losa wà ní kíká lẹ́bàá òpó. Ó kùn, ó la ẹnu.

"Peniamina, fún mi ní ọ̀rọ̀ mi!"

Ohùn náà kẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó la pápá já. Adìyẹ fò. Peniamina wò ó, ó rọra jókòó.

Malaki kò tíì kọjú sí àwọn àlejò. Ilé náà ló ṣì ń wò. Kò sí ẹni tó yíra padà lójú oorun níbẹ̀.